Iṣẹ́ Tí Màmá Òkukù Rán Mi

Òórùn tòmáàtì tó ti fẹ́ bàjẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí tí mo bá ronú kan ọdún yẹn. Kì í ṣe òórùn tó burú lọ títí. Ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Màmá wa ń ra tòmáàtì àti ata lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìgbayè àti Èkó-Ẹ̀ndẹ́, wọ́n á kó o wá sí Ìkìrun, wọ́n á tò ó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nínú apẹ̀rẹ̀ de ọjọ́ ọjà. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ á ti máa somi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la máa ń ṣà á. Láti kékeré la ti mọ bí a ṣe ń fi ìka tẹ tòmáàtì, ká mọ èyí tó máa dọ̀la àti èyí tí kò ní í dọ̀la.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló kàwé nínú wa. Èmi parí ilé-ìwé girama, mo lọ kọ́ṣẹ́ ríwáyà, iṣẹ́ àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù onípákó kékeré kan lójú ọ̀nà Òṣogbo. Òun lọ sí yunifásítì, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa irè oko, ó sì padà wá ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Inísà. Ẹ má bínú bí mo bá ń pè é ní "ó" níhìn-ín. Lójúkojú, "ẹ" ni, Sìstá ni mo sì ń pè é, nítorí màmá wa kì í fi ọ̀rọ̀ àgbà ṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a jọ máa ń jà bí ológbò nígbà tá a wà ní kékeré.

Ọdún yẹn ni Sìstá rí yunifásítì kan lókè òkun tó fẹ́ gba àwọn tó máa ṣe mástà lórí bí irè oko ò ṣe ní í máa bàjẹ́ kó tó dé ọjà. Sìkọ́láṣíìpù wà níbẹ̀ tó máa gbé gbogbo ìnáwó, àti ọkọ̀ òfurufú, àti ilé, àti oúnjẹ. Ohun tí wọ́n fi ń yan èèyàn ni ìwé kan tí ẹni tó ń wá àyè máa kọ fúnra rẹ̀, tó máa fi ṣàlàyé ẹni tó jẹ́, ohun tó ti ṣe, àti ìdí tó fi fẹ́ wá kàwé sí i. Ìwé èròńgbà ni Sìstá ń pè é. Ó jókòó tì í ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó yá lọ́wọ́ tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó kà á sí wa létí ní pálọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ le! Ọ̀rọ̀ kan ń ti ọ̀rọ̀ kejì bí ọkọ̀ tí búrékì rẹ̀ já lórí òkè. Mi ò gbọ́ ìdajì, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Lójú mi nígbà náà, ìwé tí kò bá yé èmi ríwáyà ni ìwé tó máa yé àwọn òyìnbó.

Sìstá fún àwọn èèyàn kà. Ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ kà á, wọ́n ní, "Tíṣà wa ti lọ nìyẹn, kí n tètè máa wá ẹlòmíì." Ìyàwó pásítọ̀ wa kà á débi tí ojú wọn mú un dé, wọ́n gbé e lé àyà, wọ́n ní ẹ̀mí mímọ́ wà nínú rẹ̀. Pásítọ̀ wa alára fi òróró kan igun bébà náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ṣe ń ṣe níbí. Bí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ, tó ní kí o bá òun wò ó, àdúrà lo máa gbà fún un. Ta ló máa wá sọ pé ibi báyìí ò dáa? Wọ́n á ní o ń jowú ọmọ ọlọ́mọ.

Ṣùgbọ́n ọkàn Sìstá ò balẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi níbi tá a ti ń ṣa tòmáàtì pé, "Gbogbo wọn ló ní ó dáa. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tó ti dáa fún mi." Ìgbà yẹn ló rántí màmá kan tó kọ́ ọ ní yunifásítì, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń sin tòlótòló nílé wọn ní Òkukù. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni màmá náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kà láti mọ ẹni tí wọ́n máa gbà àti ẹni tí wọn ò ní í gbà. Wọn kì í ka nǹkan lórí fóònù nítorí ojú, wọ́n ní kí Sìstá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Àsìkò ìdánwò ni nílé-ìwé, Sìstá ò ráyè. Kò sì bójú mu kí èèyàn máa pe àgbàlagbà lórí fóònù pé, ẹ ti kà á tán? Bí ìwé náà ṣe di ẹrù mi nìyẹn. Mo gbé e lọ, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo padà lọ gba èsì.

Àgbàdo ni Màmá Òkukù ń dà fún tòlótòló nígbà tí mo dé. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò ti dé. Dìde, wá ibì kan jókòó. Má jókòó síbẹ̀ yẹn, akọ tòlótòló yẹn ló ni ín, á bá ẹ jà."

Mo lọ jókòó sórí bíríkì. Wọ́n mú ìwé náà jáde lábẹ́ apá.

"Ìwọ ti kà á?"

"Rárá, mà. Wọ́n kà á sí wa létí ni."

"Kí lo gbọ́ níbẹ̀?"

Mo ní, "Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ dùn gan-an, mà."

"Ṣé orin ni? Mi ò bi ẹ́ bóyá ó dùn. Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ lọ ṣe lọ́hùn-ún?"

Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Má dààmú ara rẹ. Èmi náà kà á tán, mi ò mọ̀ ọ́n. Jẹ́ ká gbàgbé ìwé. Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń ṣe tó bá ti kúrò níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé?"

Èyí ni mo mọ̀. Mo sọ fún wọn bí Sìstá ṣe kan férémù pákó, tó na àwọ̀n dúdú sí i, tó gbé e sókè kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì ní Inísà, tí òun àti àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gé tòmáàtì tí màmá wa ò lè tà, tí wọ́n ń sá a sí i. Mo sọ bí àkọ́kọ́ ṣe bu, tí gbogbo rẹ̀ hu funfun nítorí pé ó fi ọ̀rá bò ó pinpin. Mo sọ bó ṣe lu ihò sí ọ̀rá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí atẹ́gùn lè máa wọlé, àti bí màmá wa ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló máa ra tòmáàtì gbígbẹ bí ẹja, títí tòmáàtì tútù fi wọ́n lọ́jà, tí àwọn olóúnjẹ wá ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo sọ pé títí di àsìkò yẹn, Sìstá ò tíì mọ ìdí tí àwọn kan fi ń dúdú, tí àwọn kan sì ń pọ́n rẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn kan náà ló sá wọn.

Màmá Òkukù ti dáwọ́ àgbàdo dúró. Àwọn tòlótòló ń pariwo, wọn ò dá wọn lóhùn. Wọ́n ṣí ìwé náà síwá, wọ́n ṣí i sẹ́yìn.

"Níbo ló wà?"

"Kí ni, mà?"

"Tòmáàtì yìí! Níbo ló wà nínú ìwé?" Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ lu bébà náà. "'Láti ìgbà èwe mi.' 'Ìfẹ́ àtọkànwá.' Ẹnikẹ́ni ló lè kọ èyí. Ẹni tí kò gbé apẹ̀rẹ̀ rí láyé lè kọ ọ́. Ọmọ tí mo kọ́ ò sí nínú ẹ̀."

Wọ́n wá rán mi níṣẹ́. Wọ́n ní kí n sọ fún Sìstá pé bí ìwé náà ṣe wà yẹn, yunifásítì ò ní í mú un, kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó fi tòmáàtì tó bu bẹ̀rẹ̀, kó sọ ohun tó ṣe àti ibi tó ti kùnà, kó sì sọ ohun tí kò mọ̀ tó fẹ́ lọ kọ́. Kó yọ àdúrà àti ìyìn kúrò. Lékè gbogbo rẹ̀, kó wá rí àwọn fúnra rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé mi dé ìdí ọ̀kadà mi. "Má lọ fi oyin sí i o," ni wọ́n wí.

Mo gùn ún bọ̀ wá sí Ìkìrun, iṣẹ́ náà sì ń wúwo lọ́kàn mi bí ẹni gbé ènìyàn méjì sẹ́yìn. Àwọn àgbà wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣe là á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni màmá wa fi tọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ewúrẹ́ aládùúgbò kan wọlé jẹ èlùbọ́ wa. Màmá wa ní kí n lọ sọ fún un pé olè ni òun àti ewúrẹ́ rẹ̀. Mo délé ọ̀hún, mo ní, "Màmá ní ẹ kú ilé o. Wọ́n ní ẹ bá wa so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀ díẹ̀." Obìnrin náà gbé èkúrú fún mi, òun fúnra rẹ̀ sì wá bẹ màmá wa nírọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ tó mọ iṣẹ́ jẹ́. Mo dàgbà sórí oyè yẹn, mo sì rò pé gbogbo iṣẹ́ ló dà bí iṣẹ́ ewúrẹ́.

Nígbà tí mo dé ilé, pálọ̀ ti kún. Pásítọ̀ wa, ìyàwó wọn àti àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà ti wá gbàdúrà sí ìwé náà kí Sìstá tó fi ránṣẹ́. Ó rí mi, ojú rẹ̀ là. "Ẹ̀n-ẹ́n, oníṣẹ́ mi ti dé! Kí ni màmá wí?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Wọ́n kí yín, Sìstá. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ."

"Ìyẹn nìkan?"

"Wọ́n ní... bí àyè bá wà, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ tòmáàtì sí i díẹ̀."

Ìyàwó pásítọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Tòmáàtì kẹ̀! Wọn ò ní kó fi àlùbọ́sà sí i? Ṣé ọbẹ̀ ló ń sè fún òyìnbó ni?" Ni ẹ̀rín bá gba gbogbo ilé. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, tèmi ló pọ̀ jù. Màmá wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí àpótí tí wọ́n jókòó sí, wọ́n ní, "Ṣé tòmáàtì tèmi yìí náà ni wọ́n ń sọ?"

Sìstá náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi. "Wọn ò ní kí n wá?"

Mo ní, "Wọ́n ní tí àyè bá yọ."

Mo ti gbìyànjú láti mọ ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Mo lè ní ọ̀wọ̀ ni. Mo lè ní mi ò fẹ́ dójú ti ẹ̀gbọ́n mi lójú ìjọ. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ti ń dun màmá wa lọ́dún náà, apẹ̀rẹ̀ sì ti ń le fún wọn láti gbé. Tí Sìstá bá wọ ọkọ̀ òfurufú, èmi nìkan ló kù. Mi ò rò ó báyìí lọ́jọ́ náà. Mi ò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò sí lọ́kàn mi.

Àyè wà kí n tún un ṣe. Ó kù díẹ̀ kí àsìkò ìfìwéránṣẹ́ tó parí, èmi ni mo sì ń gbé Sìstá lọ sílé-ìwé láràárọ̀. Nígbà kan tá a kù díẹ̀ ká wọ Inísà, mo ní, "Sìstá."

"Kí ni?"

"Kò sí, mà. Ẹ dì mí mú, kòtò ń bọ̀ níwájú."

Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ bó ṣe wà. Nígbà tí èsì máa dé, wọ́n kí i, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó dun àwọn pé àwọn ò lè mú un. Sìstá ò sunkún. Ó wẹ̀, ó lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò sá tòmáàtì mọ́. Férémù náà wà lẹ́yìn kíláàsì, koríko ń hù gba inú àwọ̀n rẹ̀ jáde.

Nílé wa, bí ẹnì kan bá bá ọ dá sí ọ̀rọ̀, o gbọ́dọ̀ padà lọ dúpẹ́, yálà ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, Sìstá ra ọ̀pẹ̀yìnbó àti búrẹ́dì, ó ní kí n gbé òun lọ sí Òkukù. Mo ní ọ̀kadà mi ò ṣeé gbára lé, iná rẹ̀ ń ṣe ségesège. Ó ní, "Ìwọ ríwáyà ni ọ̀kadà tìẹ ò níná? Gbéra, jàre."

Màmá Òkukù gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n wá ní, "Mo retí rẹ títí, ọmọ mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi le jù fún ẹ ni."

Sìstá ní, "Ẹ retí mi, mà?"

Wọ́n wo èmi. "Iṣẹ́ wo lo jẹ́?"

Mo ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n jókòó ti Sìstá, wọ́n sì fi sùúrù tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un, tòmáàtì tó bu, ihò ọ̀rá, ohun tí kò mọ̀, pé kó wá. Sìstá ń mi orí. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Mi ò tíì rí ibi tí èèyàn ti dúpẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fún ohun tí kò dé ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tá a ń bọ̀, a dé Inísà, ó fọwọ́ kàn mí léjìká pé kí n dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ kan ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

"Ṣé o ò fẹ́ kí n lọ ni?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Sìstá."

"Ká ní o sọ pé o ò fẹ́, ǹ bá bú ẹ, ìbínú mi ì bá sì tán. Kí ni kí n wá fi 'mi ò mọ̀' ṣe?" Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. "Gbogbo ayé ló yìn mí. Ẹnì kan ṣoṣo ló la ojú ka nǹkan mi."

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí àwọn kórópe ti ń gbé èrò, ó wọ ọkọ̀ wá sílé. Mo ń gun ọ̀kadà tẹ̀ lé ọkọ̀ náà lẹ́yìn títí dé Ìkìrun, bí ẹni pé ìyẹn náà ń wúlò.

Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ sí Òkukù. Ìwé rẹ̀ máa ń padà wá pẹ̀lú bíírò pupa káàkiri, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kà á. Ó ti tún férémù náà kàn. Ìwé tuntun tó kọ bẹ̀rẹ̀ láti orí tòmáàtì tó hu funfun, èmi ríwáyà sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó máa ń kà á sí mi létí, á bi mí pé ibo ni ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún un, mo ní ìparí rẹ̀ gùn jù, ó sì tún ti ń yin ara rẹ̀. Ó jù mí ní sálúbàtà. Lọ́jọ́ kejì mo rí i tó ń gé ìparí náà kúrù. Ó ṣì máa ń nira fún mi.

Yunifásítì kan ti fi ìwé yìí gbà á. Wọn ò ní sìkọ́láṣíìpù, agbára wa ò sì ká a. Ti àkọ́kọ́ tó ní gbogbo rẹ̀, wọn ò ṣí i mọ́. Sìstá ṣì wà ní Inísà, ó ń kọ́ ọmọ, ó ń wá ibòmíì.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti fi ọ̀rọ̀ náà sí àyè rẹ̀. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Màmá wa ló máa ń sọ ọ́ jù, pàápàá tá a bá jókòó ti oúnjẹ. Wọ́n á na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, wọ́n á ní Ọlọ́run mọ̀ pé ẹsẹ̀ yìí ń bọ̀ ló ṣe dá ọmọ òun dúró. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á ṣe àmín. Tèmi kì í jáde. Sìstá àti Màmá Òkukù ló mọ ẹni tó dá a dúró, Sìstá ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé wa. Á na ọwọ́, á fa àwo ọbẹ̀ sún mọ́ màmá wa, á ní, "Ẹ jẹun, Màmá, ó ti ń tutù." Nígbà tó bá ń sọ ọ́, kì í wo ọ̀dọ̀ mi.